Ohùn Ọlọ́run Tí Mo Gbọ́ Lórí Fóònù

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọgbọ́n ni wọ́n rí lára mi tí wọ́n fi yàn mí ṣe olórí àwọn alágaàrí ìjọ wa ní Odomẹ̀ta. Ìjọ ra ẹ̀rọ tí a ó máa fi lọ ẹ̀gẹ́. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí ẹ̀rọ náà. Pásítọ̀ gbé ìwé yẹn sókè lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ta ló lè kà á?" Ni gbogbo àwọn màmá bá yíjú sí mi. Nínú gbogbo wa tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, èmi nìkan ni mo jókòó pẹ́ nílé ìwé kí bépésé, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama, tó gbé mi ṣánlẹ̀. Mo dìde, mo gbọn ekuru nù, ó tún gbé mi ṣánlẹ̀. Mo wá fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó ní egungun tó le.

Mo gba ìwé ẹ̀rọ náà, mo ṣí i. Èdè Ṣáínà ni láti òkè délẹ̀. Mo wò ó dáadáa, mo mi orí, mo ní, "Ó yé mi."

Bí mo ṣe di pátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn alágaàrí, nìyẹn.

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, "Ọmọ mi, ti Ọlọ́run ni ẹ̀rọ yìí. Ọlọ́run ni ọ̀gá, ìwọ ni ọmọ iṣẹ́. Máa bi í léèrè kí o tó ṣe ohunkóhun. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ̀ pé ọ̀gá òun ń wo òun kì í sùn di ìyálẹ̀ta." Mo ṣe àmín, ó dún ju ti gbogbo ìjọ lọ. Mo rántí pé nígbà tó ń sọ ọ́, àwọ̀ ewé tí wọ́n kun ẹ̀rọ náà ni mò ń wò, mò ń rò ó bí fọ́tò mi yóò ṣe rí tí mo bá fẹ̀yìn tì í.

Láàárọ̀, kí àwọn màmá tó dáná sábẹ́ agbada, a máa ń gbàdúrà. Èmi ni mò ń ṣáájú. Mo ti wo bí pásítọ̀ ṣe ń ṣe é: á dijú, á gbé àgbọ̀n sókè, á wá dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Èmi náà ń dákẹ́. Ohun tí mò ń rò nínú ìdákẹ́ yẹn kò ju bóyá ẹlẹ́kọ ṣì ní tó gbóná lọ.

Ọjọ́ kan ni àwọn màmá méjì ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ yan gaàrí tirẹ̀. Ariwo náà sú mi. Mo la ẹnu, mo ní, "Mo ti gbàdúrà sí i. Ìyá Ìbejì ni kó kọ́kọ́ yan." Ibẹ̀ pa lọ́lọ́ bí ẹni da omi sí iná. N kò gbàdúrà kankan o. Ìyá Ìbejì ló sún mọ́ mi jù, ohùn rẹ̀ ló sì ń gún mi létí jù.

Láti ọjọ́ náà, mo ti rí oògùn. Wọn á ní, "Kí ló dé tí a ò lọ ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án òní?" Mo ti gbàdúrà sí i. (Bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣàn ni.) "Kí ló dé tó o fi ní ká lo àpò yìí, tí a ò lo tọ̀hún?" Mo ti gbàdúrà sí i. (Tọ̀hún ni mò ń sùn lé.) Ìyá Ìbejì nìkan ló ń fura. Ó ní, "Pátírọ́ọ̀nù, Ọlọ́run tìrẹ yìí mà ṣe èèyàn o. Kì í jí ọ ní kùtùkùtù rárá." Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ayé ń lọ.

Ẹnì kan ni kì í rẹ́rìn-ín sí i. Opó kan ni, láti Okpomẹ̀ta ló ti ń rìn wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Màmá Okpomẹ̀ta. Bí mo bá ti ní "mo ti gbàdúrà sí i," yóò tú gèlè rẹ̀, yóò tún un wé kó gún dáadáa, bí ẹni pé àlejò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dùn mọ́ mi. Láyé mi, kò tíì sí ẹni tó tún gèlè wé nítorí ohun tí mo sọ.

Màmá yìí ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Kétu. Ọmọ náà ti mọ iṣẹ́, ó ti kọ́ ọ parí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilẹ̀ wa. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ parí, tí wọn kò tíì ṣe líbérásíọ̀nù fún, kí ọ̀gá gbàdúrà fún un, kí ẹbí jẹ kí wọ́n mu, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ṣì jẹ́. Á ṣì máa gbá ilé fún ọ̀gá. Á ṣì máa pọnmi. Bó bá rán aṣọ tó lẹ́wà ju ti ọ̀gá lọ, ti ọ̀gá náà ni. Oko ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ni Màmá ní, oko yẹn ni yóò sì gbé ayẹyẹ ọmọ náà. Ó gbó tán. Ó kù kí ẹnì kan ní kó hú u.

Màmá bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Pátírọ́ọ̀nù, ṣé kí n máa hú u díẹ̀díẹ̀ ni, bí agbára ẹ̀rọ bá ṣe mọ, àbí kí n hú gbogbo ẹ̀?"

Obìnrin ọlọ́jà kan láti apá Nàìjíríà ti sọ pé òun ń bọ̀ wá fi mọ́tò kó gaàrí. Mo fẹ́ kó bá òkìtì tó máa mú un pè mí ní ọ̀gá. Mo gbé àgbọ̀n sókè, mo dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ hú u, Màmá. Mo ti gbàdúrà sí i."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

Wọ́n hú u. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kó o wá, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí òkìtì náà fi ga ju mi lọ. Mo dúró tì í, mo ya fọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ lọ díẹ̀, ó wúkọ́, ó yọ èéfín dúdú kan, ó dákẹ́. A fà á, kò dáhùn. A tún fà á. Mo gbé ìwé Ṣáínà jáde, mo ṣí i níwájú àwọn màmá, mo tọ́ka sí ibì kan, mo pa á dé.

Ẹni tó bá ti bó ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú kì í dúró de ènìyàn. Iṣu lè jókòó sínú abà títí dọdún. Àgbàdo lè rọ̀ sókè àjà. Ẹ̀gẹ́ kò mọ ìjókòó. Kò ní pẹ́ tí inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìlà dúdú bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó, gaàrí tó bá sì ti ara rẹ̀ jáde, ẹni tí ebi ń pa á kọ́kọ́ wò ó ná.

Ìyá Ìbejì ní, "Kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká kó o lọ sọ́dọ̀ Alájì."

Alájì ní ẹ̀rọ tirẹ̀ létí títì. Kò dé Mẹ́kà rí, irùngbọ̀n ló fi gboyè. Kí ẹ̀rọ ìjọ tó dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Nígbà tí tiwa dé, mo lọ dúró níwájú àtíbàbà rẹ̀, mo ń sín ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ: "Kọ́-kọ́-kọ́-họ́ọ̀!" bí ewúrẹ́ tí egungun há lọ́fun. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alájì gan-an rẹ́rìn-ín, èyí ló tún burú jù, torí pé n kò wá rí ìjà tí mo lè fi bo ara mi.

Kí èmi yìí wá gbé ẹ̀gẹ́ lọ bẹ ẹ? Ní ìṣojú àwọn tó gbọ́ "kọ́-kọ́-kọ́-họ́ọ̀"?

Mo ní, "A ò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tó ni ẹ̀rọ ni a ó gbójú lé. Ẹ jẹ́ ká gba ààwẹ̀."

Ìyá Ìbejì wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí. "Ààwẹ̀? Ẹ̀gẹ́ náà ń gba ààwẹ̀ bí?"

Màmá Okpomẹ̀ta dá a lóhùn. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, olórí ló sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́."

Mo bá yẹra lọ sẹ́yìn igi káṣú, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Kétu.

"Àlọ̀, pátírọ́ọ̀nù ńlá!"

"Ẹ̀rọ ti kú."

"Kí lo ṣe fún un?"

"N ò ṣe nǹkan kan fún un."

"Ohun tó pa á nìyẹn. Ṣé o tiẹ̀ ti pààrọ̀ òróró inú ẹ̀ rí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ó dáa. Mò ń bọ̀ lọ́la. Kí oòrùn tó mú, màá ti dé."

Mo fi fóònù sápò. Ká ní mo padà lọ sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin màmá, alátùn-únṣe ń bọ̀ lọ́la," ẹnì kan ì bá bi mí pé bí kò bá wá ń kọ́? A ì bá jọ rò ó. Ohun tó rọrùn nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí kò fi wá sí mi lọ́kàn. Mo padà débẹ̀, mo dijú, mo dákẹ́ pẹ́ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo yí ohùn padà. Mo ní, "Olúwa sọ fún mi pé lọ́la, kí oòrùn tó mú, ẹ̀rọ yìí yóò jí."

Màmá Okpomẹ̀ta kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́. Ó ń sọkún, ó ń dúpẹ́.

Wọ́n gba ààwẹ̀ náà nínú ooru yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ẹ̀gẹ́, wọ́n ń kọrin. Èmi náà gba ààwẹ̀, yàtọ̀ sí ẹ̀wà tí mo lọ jẹ lẹ́yìn ilé ìwé, àti búrẹ́dì tó bá a rìn.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ, oòrùn mú, kò sẹ́ni tó dé. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn igi káṣú. Fóònù ń dún, ọ̀rẹ́ mi kò gbé e. Nígbà tó gbé e, ariwo mọ́tò ló kọ́kọ́ wọlé.

"Má bínú," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kú. Ọ̀nà Kútọnu ni mo wà yìí."

"Ìgbà wo lo máa padà?"

"Ṣé kí n bi òkú ni?"

Mo padà sáàárín wọn. Mo tún lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Alájì ṣì wà létí títì, ẹ̀gẹ́ ṣì funfun. Mo wo ojú Màmá Okpomẹ̀ta tó gbẹ fún ebi, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tẹra mọ́ àdúrà." Ó yẹ kí àrá ti sán pa mí níbẹ̀. Kò sán. Bóyá òun náà wà lọ́nà Kútọnu.

A ń gbàdúrà títí òjìji fi gùn. Ìyá Ìbejì ló dìde, ó mú ẹ̀gẹ́ kan nínú òkìtì, ó fi orúnkún dá a sí méjì, ó gbé e sójú wa. Ìlà dúdú ti wà nínú rẹ̀. Ó mú òmíràn. Ó mú ti abẹ́. Orin kú mọ́ wa lẹ́nu.

Mo ń dúró de èpè. Bí wọ́n bá ṣépè fún mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sá. Ṣùgbọ́n Màmá Okpomẹ̀ta ló dìde, ó di ọwọ́ méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ má bá pátírọ́ọ̀nù wí. Òun gbọ́ ohùn. Èmi ni mo dí ojú ọ̀nà."

Ìyá Ìbejì ní, "Kí lẹ ṣe?"

"Mo mu omi lánàá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn, n kò lè gbé e mì lásán. Mo rò pé Ọlọ́run kò ní kà á sí mi lọ́rùn. Mo mu ún, mo sì fi ọwọ́ nu ẹnu kí ẹ má baà rí i." Ó wo òkìtì ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ tó ń dúdú, gbogbo ohun tó ní, ó ní, "Ọmọ mi ló máa jìyà omi tí mo mu."

Ẹnu mi yìí, tó máa ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo, ọjọ́ náà ló wá rántí pé wọ́n lè pa òun dé. Ikùn mi kún fún ẹ̀wà. Obìnrin tí ebi ń pa ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kì í ṣe ilé ni mo sá lọ, ìyẹn ya èmi gan-an lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ Alájì ni ẹsẹ̀ gbé mi lọ.

Mo bá a níjòókòó níwájú àtíbàbà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ekuru.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀gẹ́ ọlọ́mọ ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa."

"Láti ìgbà wo ni ẹ̀rọ yín ti dákẹ́?"

"Láti àárọ̀ àná."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ tó dákẹ́. Mo ti da epo sínú tèmi láti àná yẹn, mo ń wo ojú ọ̀nà." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mo rò pé ẹ ti rí ibòmíràn gbé e lọ ni. Dìde, ìwọ ọmọ yìí. Lọ kó o wá."

Kò sín mi jẹ. Kò ní "kọ́-kọ́-kọ́-họ́ọ̀." Mo bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà pé kó jẹ́ kó bú mi díẹ̀, àdúrà òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà látìgbà tí mo ti di olórí. Kò gbà á.

A gé ohun tó dúdú kúrò, Alájì lọ ìwọ̀nba tó ṣì funfun. Èyí tó kù, wọ́n rẹ ẹ́ sómi fún làfún. Nígbà tí a yan gaàrí tán, obìnrin ọlọ́jà náà dé, ó kó díẹ̀ tó bá, ó fi imú sí ibi tí a rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ó bi Ìyá Ìbejì pé, "Ta ni ọ̀gá ibí?" Ìyá Ìbejì ní, "Ó ń bọ̀." Mo wà níbẹ̀ o.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, n kò dijú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: igi káṣú, fóònù, ẹ̀wà, búrẹ́dì. Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn ni pé Ọlọ́run ní nọ́ńbà, o ò sì fún wa!" Ó wá yíjú sí òkìtì èèpo, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Màmá Okpomẹ̀ta mi orí. Ó rọra di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. O fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ mi rù kí n lè sùn. Ẹ ò rí ọkàn ọmọ yìí?"

Irọ́ mi, ó gbà á ní òtítọ́. Òtítọ́ mi, ó gbà á ní àánú. Mo búra fún un, ó ní kí n má búra. Mo lọ bá pásítọ̀ pé kó gba ipò olórí kúrò lọ́wọ́ mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "O fẹ́ sá ni. Lọ sọ fún un títí yóò fi gbọ́, lẹ́yìn náà ká tó sọ̀rọ̀ ipò."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ Màmá Okpomẹ̀ta. Mo tẹ̀ lé Màmá lọ sí Kétu, sọ́dọ̀ ọ̀gá aránṣọ, láti lọ bẹ ẹ́ pé kí ayẹyẹ sún síwájú. Ọ̀gá náà ń gé aṣọ, kò gbé ojú sókè. Màmá bẹ̀rẹ̀ àlàyé omi tó mu.

Mo ní, "Tàǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi ni mo fà á."

Ọ̀gá ní, "Ẹni yòówù kó fà á, a kì í fi ẹnu lásán ṣe líbérásíọ̀nù. Ọmọ á dúró."

Ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn máṣíìnì, ó ti dá ẹsẹ̀ dúró. Ó jáde wá bá wa níta. Ó ní, "Màmá, ṣé oògùn yín lẹ fi omi náà mu?"

"Òun ni."

"Ẹ máa mu ún." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró níwájú ìyá mi. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má fi ẹ̀rín sí i, ẹ má fi omijé sí i. Bí ẹ ṣe ń bú ara yín yẹn, eré lẹ ń ṣe, òun ló ń jẹ́ kó máa káàánú yín."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi gan-an. Mo sọ ọ́ bó ṣe ní kí n sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo purọ́ torí pé ojú ń tì mí láti lọ sọ́dọ̀ Alájì." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láìsí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀, ó kéré, ó sì burẹ́wà.

Màmá wò mí pẹ́. Ó ní, "Ọlọ́run ò bínú sí mi nígbà náà?"

"Kò bínú sí yín."

"Ìwọ ni mo ń bínú sí, nígbà náà." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí yóò gbé ẹrù kà. Ó gun ọ̀kadà tirẹ̀ lọ, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà ti padà wọlé. Mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé yín, ṣùgbọ́n ara tù mí, ojú sì tì mí pé ara tù mí. Ó sàn kí obìnrin yẹn bínú sí mi ju kó máa gbé oògùn rẹ̀ mì pẹ̀lú ẹ̀rù Ọlọ́run nítorí mi.

Mo ṣì jẹ́ olórí, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Ìyá Ìbejì ló ń ṣáájú àdúrà báyìí, ó kúrú, ó sì máa ń sọ fún Ọlọ́run pé a fẹ́ lọ ṣiṣẹ́. Bí ohun kan bá ta kókó, a máa ń jókòó, a máa ń bi ara wa léèrè, n kì í sì í gbàdúrà sókè mọ́.

Ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ sí Okpomẹ̀ta lọ kọ ebè fún Màmá, mo ń gbin igi ẹ̀gẹ́ mìíràn fún un. Títí èyí yóò fi gbó, ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbálẹ̀ ní Kétu. Màmá kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ó máa ń gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ oko, yóò lọ jókòó síbi tí òjìji wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run jẹ́ẹ́jẹ́ nínú mi pé kó jọ̀wọ́, kó fún wa lójò, n kò sì ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbé orí sókè, Màmá ń wò mí. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó kàn na ìka sí ebè kan tí mo kọ tó wọ́, ó ní kí n tún un kọ.